Àyẹ̀wò ọdún mi: kábúrétọ̀ kan ṣoṣo

Ọdún ti fẹ́ tán, gbogbo èèyàn ló ń ka ohun tí wọ́n rí ṣe, ẹ jẹ́ kí èmi náà ka tèmi, kò ní pẹ́ rárá. Lóṣù kìíní mo kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé pé màá ṣe sára ìjàpá mi, ìyẹn Beetle ọdún 1972 tó ní ẹ́ńjìnì 1600: bíréèkì, ilẹ̀ mọ́tò tó ti dípẹtà, wáyà iná, àti kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Ìwé náà ṣì wà níwájú mi báyìí. Kábúrétọ̀ nìkan ni mo rí màákì. Ọ̀kan nínú mẹ́rin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ iye ìgbà tí mo tú ọ̀kan ṣoṣo yẹn tí mo tún dì í, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní ká kúkú kà á sí mẹ́ta.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Láàárọ̀ á sítáàtì, á máa dún dáadáa, tó bá ti wá gbóná tán ni sílóò ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yí tí mi ò bá tẹ nǹkan kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, á ké bí ẹni tínú ń bí, á tún fẹ́ kú, tí mo bá dúró níbì kan ẹsẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú mọ́tò sáré. Tí mo bá tún tẹ iná lójijì, á kọ́kọ́ gbé èémí mì ná kó tó lọ. Epo tó ń jẹ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Imú mi mọ òórùn bẹntiróòlù ju ti lọ́fínńdà lọ lọ́dún yìí.

Solex 34 PICT-3 ni kábúrétọ̀ náà, irú èyí tó bá ẹ́ńjìnì yẹn wá gan-an. 34 yẹn ni fífẹ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, mílímítà 34, àmọ́ lókè ó há ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 26 péré, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti há ló ti ń sáré, ibi tó bá sì ti ń sáré ni agbára tó fi ń ti nǹkan ti ń dín kù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí epo jáde látinú ihò kékeré kó bá a lọ. Gbogbo ẹ̀ ò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn, kódà lọ́jọ́ tó ń bí mi nínú.

Oṣù kejì ni mo kọ́kọ́ tú u. Mo ra kíìtì, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, awọ pọ́ǹpù tuntun, nídù tuntun tó ń ṣí tó sì ń dí ọ̀nà epo, mo yọ ṣókù oníná (tó wà fún sítáàtì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù) àti fáàfù oníwáyà kúrò kí oògùn ìfọ̀ má bà wọ́n jẹ́, mo rẹ ìyókù. Bí mo ṣe dorí ẹ̀ kodò lórí tábìlì báyìí ni ọmọ bọ́ọ̀lù kékeré kan já bọ́, kò ju orí ìṣáná lọ, ó ta pọ́ún, ó di àwátì. Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àga ló lọ dúró sí. Láti ọjọ́ yẹn, inú abọ́ funfun ni mo ti ń tú kábúrétọ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù nígbà yẹn ni jẹ́ẹ̀tì ńlá, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tó ń wọn epo. Wọ́n kọ 127.5 sí i lára, ìyẹn ni pé mílímítà 1.275 ló yẹ kí ihò ẹ̀ jẹ́, mo wá mú ìdí bíìtì dírílì 1.4, mo kì í bọ̀ ọ́, ó wọlé fàá, ó tún ń mì nínú ibẹ̀. Ẹnì kan ti fi wáyà ro ihò yẹn títí, ó sì ṣeé ṣe kó máa rò pé òun ń fọ̀ ọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ki wáyà bọ jẹ́ẹ̀tì, Ọlọ́run ń wò yín o. Oògùn ìfọ̀ àti atẹ́gùn kọ̀ńpírésọ̀ ti tó. Mo fi tuntun sí i, òórùn epo lọ, epo tó ń jẹ dín kù, àmọ́ sílóò ń jó ijó ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Torí pé jẹ́ẹ̀tì kan bà jẹ́ lóòótọ́, mo gbà pé jẹ́ẹ̀tì náà ni ìyókù. Mo pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì sílóò, mo pààrọ̀ wáṣà abẹ́ nídù kí epo tó ń dúró nínú kábúrétọ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀, mo tún dá a padà, oṣù kẹta, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, mo ṣáà ń tú u mo ń dì í. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Baba kan tó ti ń tún ìjàpá ṣe kí wọ́n tó bí mi ló wá bá mi wò ó lóṣù keje. Wọn ò mú irinṣẹ́ kankan dání. Wọ́n kàn fi ìka méjì di apá tí okùn iná ń fà mú, wọ́n mì ín. Apá yẹn mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ já. Wọ́n ní, "Epo lò ń wá kiri, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé." Wọ́n wá tọ́ka sí síkúrú tó wà lórí apá yẹn gan-an, tí mo ti yí wọlé títí, "Ta ló ní kó o fọwọ́ kan eléyìí?" Mo ní ẹ má bínú sà, èmi ni, kó má baà máa kú ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n wá ibi jókòó sí.

Ọ̀pá tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn ti jẹ ara kábúrétọ̀ títí ihò ẹ̀ ò fi rí roboto mọ́, afẹ́fẹ́ ìta wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá wọlé, afẹ́fẹ́ tí jẹ́ẹ̀tì kankan ò mọ̀ sí, bí ọ̀pá bá ṣe mì ni ìwọ̀n ẹ̀ ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni sílóò ṣe ń lọ sókè sódò. Mo fín oògùn ìfọ̀ díẹ̀ sí ìdí ọ̀pá nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ (ohun ìpaná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o, ẹ má ṣe é lásán), kíá ni ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Ìṣẹ́jú àáyá kan. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá a.

Àwọn kan ní kí n ra ẹ̀dà tuntun kí n sinmi. Mi ò gbà, mo ti fi ẹ̀dà tuntun kan wéra pẹ̀lú tèmi, ọ̀pá tuntun gan-an ti ń mì díẹ̀ látinú páálí. Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léèdì, ó lu ihò náà gbòòrò, ó ti búùṣì onídẹ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀pá wá ń yí bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

Ìgbà tí mo ń dì í padà ni mo fọwọ́ fa pípù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọlé, mo kàn fà á báyìí, ó tẹ̀ lé mi. Gbogbo ara mi tutù. Dìsítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì ò jìnnà síbẹ̀, tó bá yọ lójú ọ̀nà tí bẹntiróòlù ń dà sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ìtàn míì nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìjàpá, ẹ lọ fọwọ́ fa tiyín lónìí.

Ó wá kan ṣíṣètò ẹ̀ nígbà tí gbogbo ìyẹn ti tán. Mo kọ́kọ́ ṣe àlàfo fáàfù ẹ́ńjìnì, mílímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, àlàfo kọ́ńtáàtì inú dìsítíríbútọ̀, mílímítà 0.4, lẹ́yìn náà táímìnì, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń tanná, torí kò sí kábúrétọ̀ tó lè bo àṣírí táímìnì. Síkúrú tí mo ti bà jẹ́ yẹn, mo tú u títí kò fi kan nǹkan mọ́, mo yí i wọlé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, mo fi ìdámẹ́rin yíyí kan kún un, ó parí, kò tún kàn mí mọ́. Síkúrú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ ló ni sílóò: ńlá fún bó ṣe ń yára tó, kékeré fún bí epo ṣe ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Mo fi méjèèjì sí yíyí méjì àbọ̀ síta, ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, mo fi ńlá gbé e dé 850, ìyẹn iye yíyí ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan, mo wá ń yí kékeré díẹ̀díẹ̀ títí ohùn fi mọ́ tó sì yára jù, mo yí i wọlé kó fi lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí 20 sí 30, mo tún fi ńlá dá a padà sí 850. Mo dúró. Kò mì. Mo lọ fọwọ́ mi, mo padà wá, kò mì.

Gbígbé èémí mì yẹn ò tíì lọ tán o, kí n má parọ́. Ẹni tó ni mọ́tò ṣáájú mi ti fi dìsítíríbútọ̀ 009 sí i, èyí tó jẹ́ pé ó dìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíákíá kó tó mú kí plọ́ọ̀gì tètè tanná, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kábúrétọ̀ yìí mu máa ń lo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ láti mọ̀ pé mo ti tẹ iná. Mo ti ra èyí tó yẹ, ó wà nínú páálí, ó ń wò mí.

Bíréèkì, ilẹ̀ mọ́tò, wáyà, gbogbo wọn ti di tọdún tó ń bọ̀, mo ti kọ wọ́n sójú ewé tuntun.

Lánàá a dúró síbi iná pupa, èmi àti ìyàwó mi. Kó tó ronú rárá ó ti ní, "Dádì, ẹ tẹ iná o, ẹ tẹ iná!" Ẹ́ńjìnì ń dún lọ. Ó bojú wo ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ ló wà.