Arò Eibhlín Dubh

Kíláàsì alájọṣiṣẹ́ mi ni mo lọ jókòó sí lọ́sàn-án òní. Ètò Fulbright, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pààrọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, ló kó àwa méjèèjì wá sí Amẹ́ríkà: èmi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, òun ń kọ́ wọn ní èdè Irish àti lítíréṣọ̀ rẹ̀.

Arò tí Eibhlín Dubh Ní Chonaill fi dárò ọkọ rẹ̀, Art Ó Laoghaire, ni wọ́n ń kọ́. Lọ́dún 1773 ni wọ́n yìnbọn pa á ní agbègbè Cork ní Ireland. Ẹṣin ni wọ́n ní ó dá ìjà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, bí Pùròtẹ́sítáǹtì bá fi pọ́ùn 5 sílẹ̀ fún ẹṣin Kátólíìkì, dandan ni kó tà á. Art kọ̀, kò tà. Nínú arò náà, ẹṣin nìkan ló padà wálé, ìjánu ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ títí dé gàárì. Ìyàwó fò lé e, ó sáré títí ó fi bá òkú ọkọ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu.

Alájọṣiṣẹ́ mi kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi etí gbọ́ ọ. Ó ṣe é re, torí ẹnu ni arò yìí gbé kó tó dé inú ìwé. Bó ṣe ń ki Art, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà láàyè, ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ wa ni mo ń gbọ́. Ọmọ ilé kò tilẹ̀ fi ìyàwó lọ́rùn sílẹ̀ níbẹ̀: arábìnrin Art ní ó lọ sùn nígbà tí òkú wà nílẹ̀, Eibhlín ní àwọn ọmọ ni òun lọ rẹ̀ sùn.

Àwọn òǹkọ̀wé bíi Yeats àti Joyce ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ lókè òkun fi ń bẹ̀rẹ̀ lítíréṣọ̀ Ireland. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì gan-an, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ̀wé. Ó ń dùn mí bákan náà bí ẹnìkan bá kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá láti ara eré Soyinka, tí kò sì dárúkọ Fágúnwà. Àwọn kan nínú kíláàsì náà jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tó sá fún Ìyàn Ńlá ọdún 1845 sí 1852, èyí tó ba àwọn àgbègbè elédè Irish jẹ́ jù lọ. Èdè àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n wá ń kọ́ bí àlejò.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó kó wọn wá sí kíláàsì tèmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ tirẹ̀ àti tèmi jọ gbọ́ ìrèmọ̀jé. Ohùn ọdẹ tó dára ni mo ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.