Ẹ má tíì da ìwé ìgbà Kòrónà nù

Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni mò ń ṣe. Ìwé owó àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé ni mo sábà máa ń yẹ̀ wò. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn kárí ayé; ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ní pàjáwìrì rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Lójú àwa tó ń yẹ ìwé wò, kò tíì kúrò nílẹ̀. Ohun tí ìjọba fún àwọn oníṣòwò lákòókò náà, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe àyè láti sanwó tó bá yá, wọ́n ń padà wá béèrè rẹ̀. Ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Owó orí ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ló ti iléeṣẹ́ púpọ̀ ṣubú lójú mi. Nígbà tí ọjà ò tà, ìjọba lóríṣiríṣi sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi lé ọjà, tó yẹ kí iléeṣẹ́ san láàárín ọjọ́ 20 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n gbà kí wọ́n mú un dúró di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2021. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbà kí ẹni tí kò rówó san lẹ́ẹ̀kan máa san án díẹ̀díẹ̀. Àánú gidi nìyẹn. Àmọ́ ohun tí mò ń rí nínú ìwé ni pé owó náà ti wọnú ìnáwó. Wọ́n ti fi ra ọjà, wọ́n ti fi san owó ilé. VAT kò sì fìgbà kan jẹ́ owó iléeṣẹ́. Oníbàárà ló san án, iléeṣẹ́ kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí tí a yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́: owó olówó ló wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Bí owó bá ti wọlé, kí ti ìjọba bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò ní lè san, ẹ lọ bá àwọn agbowó-orí kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ mú ètò bí ẹ ó ṣe máa san án lọ́wọ́. Wọ́n máa ń gbọ́ ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ má sì torí pé owó ò sí kí ẹ má fi ìwé ìṣirò yín sílẹ̀ lásìkò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìtanràn àìfi ìwé sílẹ̀ dá wà, ìtanràn àìsanwó dá wà.

Àdánù ọdún náà pàápàá lè ṣe yín lóore. Ní ibi púpọ̀, ẹ lè fi yọ nínú èrè ọdún tó ń bọ̀ kí owó orí yín lè dín. Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbà nínú òfin ọdún 2020 pé kí iléeṣẹ́ gbé àdánù ọdún 2018, 2019 àti 2020 padà sẹ́yìn títí dé ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì gba owó orí tí wọ́n ti san padà. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, báwo ló ṣe fẹ́ fi hàn pé òun pàdánù?

Ti òṣìṣẹ́ ló máa ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá bá àwọn ènìyàn wọn sọ ọ́ lẹ́nu pé, “Ẹ jẹ́ ká dín owó oṣù kù fúngbà díẹ̀.” Òṣìṣẹ́ gbà, torí ó fẹ́ kí iṣẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà díẹ̀ yẹn parí lọ́jọ́ wo, tàbí bóyá wọ́n máa san èyí tí wọ́n gé padà. Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ọ̀gá ní àwọn ti jọ gbà á bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ní àyá lòun yá wọn. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́ bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀. Ojú ìwé kan péré ìbá ti yanjú rẹ̀: iye tí a dín, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, bí yóò ṣe kan owó ìfẹ̀yìntì, kí tọ̀tún tòsì sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá ṣe é nígbà náà, ẹ pè wọ́n jókòó báyìí, kí ẹ sì ṣe é.

Owó ìrànwọ́ fún owó oṣù náà ń kọ́? Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san ìdá 80 nínú 100 owó oṣù ẹni tí iṣẹ́ dá dúró, àmọ́ kò ju £2,500 lọ lóṣù. Ètò náà parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan fún iléeṣẹ́ tó gba owó lórí rẹ̀. Ímeèlì kan ṣoṣo tó fi dá oníbàárà lóhùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lè di ìbéèrè. Àkọsílẹ̀ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ àti ẹni tó wà nílé ṣe pàtàkì tó owó náà fúnra rẹ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé ń gbé. OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 pé bí àrùn bá há òṣìṣẹ́ mọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn fúngbà díẹ̀, kò yẹ kí ìyẹn sọ iléeṣẹ́ di ẹni tó gbọ́dọ̀ san owó orí níbẹ̀. Ẹni tó fínnú fíndọ̀ jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀nà ti ṣí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti ọ́dítì, ẹ má bínú bí a bá béèrè bóyá iléeṣẹ́ yín á lè dúró. Ìlànà ìṣirò àgbáyé ló ní kí àwọn alákòóso wo iwájú fún oṣù 12, ó kéré tán, láti ọjọ́ tí ọdún ìṣirò parí. Ẹ ṣe ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lóṣooṣù, kí owó orí tí wọ́n sún síwájú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ yẹ ọjà inú sítọ́ọ̀ wò pẹ̀lú. Nígbà tí a ò lè rìnrìn àjò, orí fídíò ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ka ọjà. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni kan pé kó sọ páálí òkè kalẹ̀, kó tú ti ìsàlẹ̀. Páálí náà ti rin, ọjà inú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ lílò, àmọ́ iye tí wọ́n rà á ló ṣì wà nínú ìwé. Iye tí ọjà bá ṣì lè pa wọlé ni kí ẹ kọ, bó bá ti kéré sí iye tí ẹ rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń kiri pé àwọn á bá yín gba owó Kòrónà, kí ẹ pín in fún àwọn. Ní Amẹ́ríkà, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí owó tí ìjọba ń fún iléeṣẹ́ tí kò dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró nígbà Kòrónà pọ̀ débi pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn agbowó-orí dá iṣẹ́ dúró lórí àwọn ìbéèrè tuntun. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹni tí kò tíì gba owó láti fa ìbéèrè rẹ̀ padà. Bí ẹnì kan bá ti kọ irú rẹ̀ lórúkọ yín níbikíbi, ẹ gbé e fún oníṣirò mìíràn tí kò ní ìpín nínú rẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí lẹ́tà ìjọba tó dé.