Ọjọ́bọ̀: Wi-Fi tí kì í mú títí ẹnì kan á fi wọlé

Kọ̀ǹpútà Linux ti tàn, ojú ìwọlé ti yọ, Wi-Fi ò sí. Bí ẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín tán tí désítọ́ọ̀pù sì ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á mú wẹ́rẹ́. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ lè má ka èyí sí rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ SSH (ọ̀nà tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti orí ẹ̀rọ mìíràn) lẹ fi ń wọ ẹ̀rọ náà láti yàrá mìíràn, wàhálà ńlá ni: iná á lọ, iná á dé, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà dé inú rẹ̀.

Káàdì Wi-Fi ò ní àrùn kankan nínú irú ọ̀ràn yìí. Ibi tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi pamọ́ sí ló fà á. NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Linux, lè fi í sínú GNOME Keyring tàbí KWallet, àpótí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣí títí onítọ̀hún á fi wọlé. Ẹ wò ó báyìí nínú tẹ́mínà, kí ẹ fi orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín rọ́pò "Ile":

nmcli -f connection.permissions,802-11-wireless-security.psk-flags connection show "Ile"

Bí psk-flags bá jẹ́ 1, tàbí tí orúkọ ẹnì kan bá wà níwájú permissions, ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ ṣí nm-connection-editor, ẹ fàmì sí "All users may connect to this network", kí ẹ tó tẹ àmì kékeré tó wà nínú àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ yan "Store the password for all users". Ẹ tún ọ̀rọ̀ aṣínà náà tẹ̀, torí èyí tó wà nínú Keyring lè má ṣí lọ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a kọ ọ́ sínú àṣẹ nmcli lọ, nítorí bash, ètò tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà, á tọ́jú àṣẹ náà sínú ìtàn rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, inú /etc/NetworkManager/system-connections/ ni ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń wà, láìbò. Root, alákòóso ẹ̀rọ, ló gbọ́dọ̀ ni fáìlì yẹn, àṣẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 600, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè kà á tàbí kọ nǹkan sí i. Bí ẹlòmíràn bá lè kà á, NetworkManager ò ní lò ó.

Ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ má wọlé, ẹ gbìyànjú SSH láti orí fóònù. Ìdánwò tòótọ́ nìyẹn.

Bí kò bá mú síbẹ̀, ohun tí "nmcli device" bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. "unmanaged" lórí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ orúkọ káàdì náà sínú /etc/network/interfaces. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà "lo", nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, sílẹ̀. "unavailable" ní tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lo "rfkill list", tó ń sọ bóyá wọ́n ti pa Wi-Fi. Soft blocked: yes ń fẹ́ "rfkill unblock wifi", ẹ sì rántí pé systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ inú Linux, máa ń tọ́jú ipò yìí nígbàkigbà tó bá yí padà, kó tó dá a padà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Hard blocked ò gbọ́ àṣẹ kankan. Bọ́tìnì ara láptọ́ọ̀pù tàbí BIOS ni kí ẹ lọ wò. Bí méjèèjì bá jẹ́ no, ẹ wá ọ̀rọ̀ firmware, ètò kékeré tí káàdì nílò kó tó ṣiṣẹ́, nínú "journalctl -k -b". Ètò ìfisórí Debian tó ṣáájú ẹ̀dà 12, ti ọdún 2023, kì í kó firmware tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wá, nítorí náà káàdì Intel lè ṣaláìní firmware-iwlwifi.

Nígbà mìíràn Wi-Fi á mú, àmọ́ NFS, fódà tí a ń lò láti orí ẹ̀rọ mìíràn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á ti kùnà kó tó mú. Ẹ kọ _netdev àti nofail sí ìlà rẹ̀ nínú /etc/fstab. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ systemd tí ẹ kọ fúnra yín ló kùnà, network-online.target ni kí ẹ fi sínú Wants àti After, network.target nìkan kì í dúró de Wi-Fi.