Àmì Pupa Níwájú Orí Ọ̀gá

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀kan ṣoṣo tó ṣe é fi ṣiṣẹ́, tó sì ṣe é fi ta géèmù, ni yóò wá. Èmi àti àbúrò mi fẹnu kò lórí ìyẹn kíá. Irú èyí tí a máa rà gan-an ló dìjà. Èmi ni mo ni owó, òun ló ni ìmọ̀. Àwọn méjèèjì kì í sábà gbé inú ilé kan náà ní àlàáfíà.

Láàárọ̀, èmi ni mo ni àga. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe láti ilé fún iléeṣẹ́ wa, Excel, lẹ́tà àti ìpàdé orí fídíò ni ojú mi ń rí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá ti dìde, àbúrò mi á jókòó, á fi headphone bo etí, ogun á sì bẹ̀rẹ̀.

Hz ló kọ́kọ́ gbé kò mí lójú. Hz yìí ni iye ìgbà tí sikirínì ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 60 Hz ni ògbólógbòó mọ́nítọ̀ tí a ń lò kó tó kú, kò sì ṣe mí ní ibi kankan rí. Àbúrò mi ní ẹni tó bá gbé 60 Hz lọ sójú ogun, wọ́n á ti pa á tán kó tó rí ẹni tó pa á. Ó ní lórí 60 Hz, àwòrán kan máa ń dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 kí èyí tó tẹ̀lé e tó dé, àmọ́ lórí 144 Hz, kì í tó 7.

Mo ní, "Ṣé torí mílísẹ́kọ́ǹdì 10 lo ṣe fẹ́ kí n ná gbogbo owó yìí?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mílísẹ́kọ́ǹdì 10 yẹn ló ń pa wá."

Tèmi ni kó ṣáà tóbi. Mo ti rí oní-27 inch kan tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti 24 lọ, ọkàn mi sì ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n wo iye píksẹ́lì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, kí n tó máa dunnú. Òótọ́ ló sọ: 1920 × 1080 ni àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá na iye píksẹ́lì yẹn sórí 27 inch, inch kọ̀ọ̀kan á gba bíi 82; lórí 24, á gba bíi 92. Ẹni tó ń wo fíìmù láti orí bẹ́ẹ̀dì lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka nọ́ńbà wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́, etí lẹ́tà á máa rí gbágungbàgun lójú rẹ̀. 27 inch tó dára fún kíkà, 2560 × 1440 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn sì ń béèrè graphics card (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán) tó lágbára ju èyí tí a ní lọ. La bá fàbọ̀ sórí 24.

Ti 1 ms tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, pé mílísẹ́kọ́ǹdì kan ni píksẹ́lì fi ń yí àwọ̀ padà, mi ò dá a lóhùn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ju ẹyọ kan lọ, èyí tó bá sì mú kí nọ́ńbà kéré jù lọ ni wọ́n sábà máa ń kọ. HDR, ìyẹn kí ibi tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kí ibi tó dúdú sì dúdú gan-an, orúkọ lásán ni lórí ọjà olówó pọ́ọ́kú. Sikirínì tí kò lè mọ́lẹ̀ dáadáa, tí kò sì lè pa iná apá kan kó tan ti òmíràn, kí ló fẹ́ fi ṣe HDR? Irú pánẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gbé àwòrán jáde gan-an, lèèyàn ń béèrè: TN, VA tàbí IPS. TN yára, ṣùgbọ́n tí o bá fi ẹ̀gbẹ́ wò ó, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. VA máa ń dúdú dáadáa níbi tó yẹ kó dúdú, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn máa ń wọ́ òjìji kiri tí nǹkan bá ń sáré nínú òkùnkùn. IPS kò dúdú tó VA, àwọ̀ rẹ̀ ló dúró ṣinṣin. IPS la mú, 24 inch, 144 Hz.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fi owó pamọ́. Kò ṣe é gbé sókè, kò ṣe é rẹ̀ sílẹ̀, kó kàn tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ló mọ̀. Mo fi àwọn ìwé ìṣirò tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ gbé e ga dé ojú mi. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wúlò fún mi nìyẹn.

Bí a ṣe tan án, inú mi dùn. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mouse, ó ń yí ọfà rẹ̀ po lójú sikirínì, ó ní, "60 ni eléyìí." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó wọ Settings, ó wọ System, ó dé Display, ó tẹ Advanced display: 60 Hz gbayawu. Windows ló fi í síbẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ó yí i sí 144, ó tún yí ọfà yẹn po, ó wá mí kanlẹ̀. (Ẹ lọ wo tiyín. Mo mọ ẹni tó ra 165 Hz tó sì ń fi 60 ṣayé láti ọjọ́ yìí wá.)

Àlàáfíà jọba títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣí iṣẹ́ tí Àǹtí kan ní iléeṣẹ́ wa fi ránṣẹ́. Láàárín gbùngbùn Excel, àmì àròpọ̀ kan wà níbẹ̀, ó pupa fòò. Mo tẹ̀ ẹ́, kò mira. Mo pa ohun tó wà nínú àpótí yẹn rẹ́. Nọ́ńbà lọ, àmì dúró. Mo yí iṣẹ́ náà sókè, gbogbo nọ́ńbà ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òun ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Mo pe Àǹtí. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ àmì àròpọ̀ pupa tó wà nínú iṣẹ́ yín."

"Àmì wo?"

"Èyí tó wà láàárín."

Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Àmì wà níbẹ̀. Mo tún pè wọ́n. Èyí tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ tí wọ́n fún fáìlì náà ni "MO TI YỌ Ọ́ O". Mo ṣí i. Àmì ń wò mí.

Mo ya screenshot, mo fi ránṣẹ́. "Àǹtí, ẹ fojú ara yín wò ó."

"Kí ni kí n wò?"

Mo ṣí screenshot yẹn lórí mọ́nítọ̀ mi. Àmì náà hàn kedere nínú rẹ̀, kò farasin rárá. Mo wá rò ó pé àfàìmọ̀ kí ojú Àǹtí má nílò ìtọ́jú, mo sì rọra dábàá fún wọn pé kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Àkókò ìpàdé tó. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń gba gbogbo sikirínì, ọ̀gá ló sì ń sọ̀rọ̀. Àmì pupa bà lé wọn níwájú orí gan-an. Wọ́n tẹ̀ síwájú, ó bọ́ sórí imú. Wọ́n fara ti àga, ó gun àgbọ̀n. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wá ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ tó le ni, gbogbo èèyàn ló dijú mágbárí. Èmi ń fi eyín di ètè mú.

"Ìwọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, sà. Nǹkan pupa kan ló wà níwájú orí yín."

Ọ̀gá fọwọ́ nù ún. "Ó ti kúrò?"

"Rárá, sà. Ó ti wà létí yín báyìí."

Wọ́n fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n nu etí, wọ́n nu ọrùn. Ibi tí wọ́n bá kọrí sí ni mò ń bá wọn júwe rẹ̀: "Ó ti padà sí imú, sà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ó ti dé ẹnu." Àfi bí Àǹtí ṣe dá sí i: "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Láti àárọ̀ ló ti ń rí i."

Ìpàdé pa lọ́lọ́. Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ pè mí, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó wọ inú kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wá a títí, kò rí fáírọ́ọ̀sì, kò sì rí àmì. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Bó ṣe ń tàn bọ̀, kí Windows tó yọjú rárá, orúkọ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà jáde lórí sikirínì dúdú, àmì àròpọ̀ sì wà láàárín rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó máa fọhùn, ó bi mí bóyá mò ń rí oorun sùn.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi wọlé. Mo kàn nàka sí sikirínì ni, mi ò sọ̀rọ̀, torí mi ò fẹ́ gbọ́ kí òun náà sọ pé òun ò rí i.

"Háà, crosshair mi nìyẹn, mo gbàgbé láti pa á."

Ó ní nínú géèmù tí òun ń ta, ìbọn tí wọ́n fi ń yìn ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn kì í ní àmì ìfojúsùn, àfi téèyàn bá gbé awò orí rẹ̀ sójú. Ẹni tí ọ̀tá bá yọ sí lójijì, níbo ló ti fẹ́ ráyè gbé awò? Mọ́nítọ̀ wá ń bá èèyàn ya àmì náà sí àárín. Mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ló yà á o, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí screenshot ò fi lè mú un, tó sì jẹ́ pé ohunkóhun tí mo bá ṣí, títí kan screenshot ọ̀hún, á gun orí rẹ̀.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn mọ́nítọ̀, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fi ìka kan ti bọ́tìnnì kékeré tó wà níbẹ̀ sókè sódò, ó pa àmì náà. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé ó ti gbé àwọ̀ sí FPS, ti géèmù ìbọn, èyí tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀ dúdú kí ọ̀tá má baà ríbi sá sí. Abájọ tí àwọ̀ gbogbo nǹkan fi ṣá lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Àǹtí, mo rò fún wọn bó ṣe jẹ́, mo ní kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ dókítà ojú yẹn sí.

Wọ́n ní, "Mo ti lọ. Wọ́n ti fún mi ní awò."

Ó ku ọ̀gá. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi láìgé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: mọ́nítọ̀, àbúrò mi, ìbọn, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ti ń retí ìwé ìbáwí.

"O ní àwa yòókù ò lè rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó ni mọ́nítọ̀ nìkan ló ń rí i."

"Lọ́la ni mo fẹ́ bá àwọn tó jẹ wá ní gbèsè ṣèpàdé. Inch mélòó lo ní kí n rà?"