Ohun tí Awọ Ara Kọ́ Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù, àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa awọ ara. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n yẹ ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan wò. Ìwé tí a kà sọ pé ibi tí kòkòrò àrùn bá wọ̀ máa ń pọ́n. Mo wò ó títí, n kò rí pupa kankan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì àgbà tó dé lẹ́yìn mi kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wò ó. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi kàn án, ó sì fi wé ẹsẹ̀ kejì: ó gbóná, ó le, ó sì fi díẹ̀ dúdú ju èkejì lọ.

Nígbà náà ni ohun tí mo ti há sórí nípa ìpele awọ ara tó yé mi. Ìpele òkè kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìpele kejì, níbi tí gbòǹgbò irun, orísun òógùn àti ọ̀pọ̀ iṣan ìmọ̀lára wà, ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn; ọ̀rá ló sì tẹ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Pupa tí mo ń wá wà ní ìpele kejì, àwọ̀ dúdú sì wà ní ìpele tó bò ó, bí ìgbà tí a ta aṣọ dúdú bo fèrèsé ilé tí àtùpà ń jó nínú rẹ̀.

Aṣọ náà fẹ́lẹ́. Lórí ìpéǹpéjú, ìpele òkè kò ju nǹkan bíi 0.05 mìlímítà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó 1.5 ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun, wọn a máa gòkè, wọn a di pẹlẹbẹ, wọn a kú, wọn a sì rẹ̀ dànù láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ìdí nìyí tí ojú ibi tí èékánná ha wá fi ń parẹ́, ṣùgbọ́n tí ilà ojú kì í parẹ́: abẹ ọkọlà ti dé ìpele kejì.

Ní ti àwọ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iye sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe mẹ́lánínì, ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára ènìyàn dúdú àti funfun. Ẹ fi wọ́n wé aláró: ọ̀kan ṣoṣo ń pín aró fún sẹ́ẹ̀lì bíi 36 tó yí i ká. Lára wa, ẹrù aró náà tóbi, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kì í sì í tètè bàjẹ́. Lára aláwọ̀ funfun, ó kéré, ó ṣù pọ̀, ó sì ń tètè tú. Sẹ́ẹ̀lì tó gbà á a sì tò ó sórí kóró àárín rẹ̀ (nucleus) bí agboòrùn. Lára àfín, aláró wà, ìkòkò wà, aró ni kò jáde dáadáa. Nínú vitiligo, àrùn tó ń mú kí awọ funfun ní abala-abala, àwọn aláró fúnra wọn ni ó kú. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ níwájú ìyá ọmọ.

Ìpara ìbóra tó ní hydroquinone tàbí mẹ́kúrì ń dá iṣẹ́ aláró dúró. Èyí tó ní steroid tún burú lójú mi, nítorí pé ó ń mú ìpele kejì fẹ́lẹ́ débi tí òwú ìránṣọ oníṣẹ́ abẹ lè ya awọ náà. Ẹ bèèrè kí wọ́n tó gbé aláìsàn lọ síbi iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì bèèrè láìbá a wí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò parọ́ fún yín, ojú oríkèé ìka rẹ̀ tó dúdú yóò sì máa wò yín.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí aṣọ náà kò ti dúdú púpọ̀. Ẹ wá ibà pọ́njú nínú funfun ojú, ẹ wá àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá fura pé afẹ́fẹ́ kò tó nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wo ahọ́n. Jẹjẹrẹ awọ kò wọ́pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan fẹ́ràn àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i ní ọdún 1977, ó sì pa á ní ọdún 1981, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 36. Ẹ ní kí aláìsàn bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.