Ọmọ Ìdànrè kì í bẹ̀rù òkè

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ bí ojú ṣe tì mí tó. Ọmọ Ìdànrè ni mí, Ìdànrè tòótọ́ o, kì í ṣe àwọn tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ tí wọ́n kàn ń wá jẹ ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè tó wà nílùú wa, àtẹ̀gùn tó wà lára ẹ̀ lé ní 600, orí ẹ̀ làwọn bàbá ńlá wa ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èmi náà nígbà tí mo wà ní praímárì, mo máa ń sáré gun àtẹ̀gùn yẹn ni, mi ò kì í dúró níbi tí wọ́n ṣe fún ìsinmi. Torí náà nígbà tí ìyàwó mi ní ká kó àwọn ìbejì lọ sí Keswick ní bank holiday inú oṣù kẹjọ, pé òkè kan tó ń jẹ́ Catbells wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì wọn ti gùn tán, tó ku tiwa nìkan, mo béèrè pé báwo lòkè ọ̀hún ṣe ga tó. Ó ní mítà 451.

Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ìyẹn kì í ṣòkè. Ebè iṣu nìyẹn."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ebè yẹn o.

Keswick wà ní àríwá Ìlú Ọba, ní Cumbria, agbègbè táwọn òyìnbó ń pè ní Lake District. Láti Manchester tá à ń gbé, ó lé ní wákàtí méjì tèèyàn bá wa mọ́tò lọ. Ìlú kékeré ni, òkè yí i ká, adágún omi ńlá kan tó ń jẹ́ Derwentwater sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gígùn ẹ̀ tó máìlì mẹ́ta, erékùṣù kéékèèké wà láàárín ẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nǹkan tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣòkè, ṣọ́ọ̀bù ni. Bó o bá kọjá ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta bàtà ìgunkè, èyí tó tẹ̀ lé e ń ta rénkóòtù, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń ta bàtà àti rénkóòtù. Gbogbo èèyàn tó ń kọjá ló gbé báàgì sẹ́yìn tó mú ọ̀pá méjì dání bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Wọ́n tún ní mùsíọ́ọ̀mù pẹ́ńsù, mo ní pẹ́ńsù tá a fi ń kọ̀wé, torí láyé àtijọ́, látọdún 1500 àti díẹ̀, wọ́n máa ń wa dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù yẹn nílẹ̀ ní Borrowdale lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn ìbejì ní dandan ká wọlé. A wọlé. Ẹ má bi mí ní iye tá a ná.

Ìyàwó mi fà mí wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ní kí n ra bàtà àti rénkóòtù. Mo gbé bàtà kan, mo wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, mo dá a padà sórí pẹpẹ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Mo ní ṣé tìtorí ebè iṣu ni? Mo ní òjò ò lè pa mí, èmi kì í ṣe iyọ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Sneakers funfun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ṣòkòtò mi sì rèé, èyí tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ikùn mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣòkòtò yẹn fún yín o." Mo ní ó ń nà.

Òun ní tiẹ̀ gbé báàgì tó mọ́gbọ́n dání. Omi, bisikíìtì, plásítà, ó tún ká aṣọ ankara kan sínú ẹ̀ tá a máa tẹ́ sórí koríko tá a bá fẹ́ jẹun. Ankara yìí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Màámi pé 70, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò fẹ́ aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀, wọ́n bá lọ tẹ fọ́tò Màámi sára ankara, fọ́tò ńlá, róbótó, tòun ti gèlè àti gíláàsì ojú, Màámi ń rẹ́rìn-ín, ó tún ara ẹ̀ ṣe káàkiri aṣọ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwa tá a wà lókè òkun. Kí lèèyàn fẹ́ fi aṣọ yẹn ṣe ní Manchester? Ìyàwó mi gé díẹ̀ nínú ẹ̀, ó fi ṣe ẹní píkíníìkì.

Èmi wá gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù. Òun ní ká jẹun nísàlẹ̀, èmi ní rárá, orí òkè la ti máa jẹun bí ọba.

Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń yí adágún náà po, tó ń já èèyàn sílẹ̀ ní èbúté kéékèèké. A wọ̀ ọ́ láti Keswick, a sọ̀ ní Hawse End, ibẹ̀ lo ti máa wọ ọ̀nà òkè Catbells. Afẹ́fẹ́ dáa, oòrùn yọ, àwọn àgùntàn ń jẹko. Herdwick ni wọ́n ń pe àwọn àgùntàn ibẹ̀, dúdú ni wọ́n ń bí wọn, bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń hewú. Mo ní kí àwọn ọmọ wò wọ́n dáadáa, pé bí òbí ṣe ń rí nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, èmi ni mo wà níwájú, mò ń fi ìtàn Ìdànrè dá wọn lára yá. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú márùndínlógún, ìtàn tán. Kì í ṣe pé ìtàn tán o, èémí ló tán. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn wà, irin ìdìmú wà, eléyìí kàn ga báyìí ni, òkúta rẹ́gẹrẹ̀gẹ, ẹrẹ̀, kúlà sì ń wúwo sí i bí ẹni pé jọ̀lọ́ọ̀fù inú ẹ̀ lóyún, àwọn ìbejì ti lọ bí ọmọ ewúrẹ́, ìyàwó mi ń tẹ̀ lé wọn, ó ń kọrin lábẹ́ ohùn. Ìyá òyìnbó kan tó máa tó ẹni àádọ́rin ọdún dé láti ẹ̀yìn, ajá kékeré lọ́wọ́, ó kí mi pé ọjọ́ dáa àbí, ó kọjá. Mi ò lè dáhùn. Ẹnu mi là sílẹ̀ àmọ́ afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wọlé.

Ìgbà tí mo máa dé ibì kan tó tẹ́jú díẹ̀, mo wo iwájú mi, mi ò rí òkè mọ́, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a ti dé. Mo jókòó lé kúlà, mo pe Màámi nílé lórí WhatsApp, fídíò. Wọ́n gbé e. Mo ní, "Màámi, ẹ wo ọmọ yín! Mo ti wà lórí òkè òyìnbó! Ẹ̀jẹ̀ Ìdànrè ni!"

Màámi sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé iwájú orí wọn nìkan ni mò ń rí. Wọ́n ní, "O ṣé, ọkọ mi. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ yẹn?"

Mo ní kí ni, Màámi?

"Òkè kan wà lẹ́yìn ẹ níbẹ̀ yẹn tó ga ju orí ẹ lọ. Àwọn èèyàn ń gùn ún."

Mo yíjú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yìn ni mo kọ sí òkè. Catbells gan-an ṣì dúró sílẹ̀ gàgàrà, àwọn tó ń gùn ún rí bí èèrà, ìyá alájá yẹn ti wà láàárín wọn. Ibi tí mo wà kàn jẹ́ bí èjìká òkè náà ni, ó ku orí. Màámi ní, "Tó o bá dé òkè gan-an, kó o pè mí." Wọ́n gé fóònù.

Ibi tó gbẹ̀yìn yẹn, òkúta ni, ẹsẹ̀ nìkan ò tó, o máa fi ọwọ́ dì í mú ni. Bank holiday sì ni, èèyàn pọ̀, a tò sẹ́yìn ara wa bí ìgbà téèyàn tò fún epo. Mo na kúlà sókè sí ìyàwó mi, mo di òkúta mú, mo wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, sókè gan-an, ibi tí ẹsẹ̀ ò ti dé láti ìgbà ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀.

Fààrà!

Láti ìdí sípù níwájú títí dé abẹ́ bẹ́líìtì lẹ́yìn. Ṣòkòtò di méjì. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló sì tò sísàlẹ̀ mi gan-an, tí wọ́n ń wòkè. Nínú gbogbo bọ́ọ́sà tí mo ní, èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà lèyí táwọn ìbejì rà fún mi ní Father's Day, tó ní àwòrán ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé ni, kíá ni wọ́n á ti máa pariwo pé "Bọ̀dá, ṣòkòtò yín ti ya o!", ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á béèrè kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé fún un, á parí síbẹ̀. Òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Gbogbo wọn kàn yí ojú sí adágún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé adágún dé, ọ̀kan nínú wọn ní ó dà bíi pé òjò ń bọ̀, àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju ṣòkòtò lọ.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń nawọ́ sí mi, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ráyè, ó ṣí báàgì, ó fa ankara jáde.

Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ fẹ́ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Mo gbà á, mo ró o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ró o kí ojú Màámi má bọ́ sí ìdí mi? Mo yí i sọ́tùn-ún, Màámi kan kúrò, Màámi mìíràn dé. Mo yí i sósì, bákan náà. Wọ́n ti tẹ̀ wọ́n sún mọ́ra jù. Nígbà tó sú mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, mo gun òkè lọ, Màámi méjì lẹ́yìn, tìdí ọ̀tún àti tìdí òsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń bọ̀.

Orí òkè dùn, mi ò ní jẹ́ kí inú tó ń bí mi ba tiẹ̀ jẹ́. Adágún tẹ́ sílẹ̀ bí díńgí, ìlú Keswick wà ní ìkángun ẹ̀ bí nǹkan ìṣeré ọmọdé, òkè ńlá Skiddaw lẹ́yìn ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kàn ń fẹ́ ni, ó gba ìdérí kúlà lọ́wọ́ mi, a ò rí i mọ́ títí dòní. Ìyá alájá ti jókòó síbẹ̀, ó fún mi ní Kendal Mint Cake, ó ní á fún mi lágbára. Ṣúgà ni o, ṣúgà lásán tí wọ́n fi míńtì sí, wọ́n ní òun ni Hillary àti Tenzing, àwọn tó kọ́kọ́ dé orí Everest, òkè tó ga jù láyé, mú dání gùn ún lọ́dún 1953. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó di jọ̀lọ́ọ̀fù fún wọn.

Tọkọtaya kan wá bá mi, wọ́n ní aṣọ mi rẹwà, ṣé aṣọ ìbílẹ̀ wa ni? Kí ni kí n sọ? Mo dúró dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nílùú wa, ọkùnrin tó bá ń gun òkè, ìró ló máa ń ró. Obìnrin náà ní ta ni ìyá tó wà lára aṣọ? Mo ní ìyá mi ni. Ẹ wo omi lójú obìnrin yìí! Ó ní ó mà ṣe o, pé o gbé ìyá ẹ dání wá sórí òkè, ó ní kí àwọn bá mi ya fọ́tò. Mo ti dúró, mo ti gbé àyà sókè bí olóyè, ni Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mò ń san owó iléèwé bọ́ọ̀lù ẹ̀, bá la ẹnu: "Ṣòkòtò Daddy ló ya. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀."

Ìgbà yẹn lòjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé, kò kìlọ̀. Gbogbo ayé fa rénkóòtù yọ nínú báàgì, fíàfíà, ó ku èmi tí kì í ṣe iyọ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò ní ìdérí di ọbẹ̀. Sneakers funfun ò ní àwọ̀ kan pàtó mọ́. Ibẹ̀ ni fóònù mi dún, Màámi ni, wọn ò lè dúró dè mí. Táíwò ti gbé e kí n tó nawọ́. Ó ń fi fóònù yí káàkiri fún ìyá àgbà: ẹ wo adágún, ẹ wo ajá, ẹ wo Mummy, ẹ wo Kẹ́hìndé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kó kúlà nílẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ní, "Grandma, ẹ wá wo ara yín!"

Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni, inú mi sì ń dùn. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Màámi, jẹ́jẹ́, láìbínú rárá.

"Ọkọ mi. Ọdún tó o ò tíì mọ ìrìn, mo pọ̀n ọ́ gun òkè Ìdànrè lọ, mo tún pọ̀n ọ́ sọ̀. Ẹ̀yìn ni mo pọ̀n ọ́ sí o. Ẹ̀yìn. Ibo lo wá so èmi mọ́ yìí?"