Ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò tó

Ògbómọ̀ṣọ́, alẹ́ Sátidé

Iná dé láàárọ̀, mo sì sáré jókòó ti iṣẹ́ àjọ Màámi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Ìyá ọlọ́jà 23 ló ń dá èsúsú lọ́dọ̀ wọn ní Ọjà Jagun. Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ti gbó, epo pupa sì ti ta sí ojú ewé tí orúkọ àwọn tó ti kó wà. Ètò kékeré kan ni mo fi èdè C kọ, tí yóò máa rántí ẹni tó san àti ẹni tó kàn. SQLite ni mo ní kó máa bá mi tọ́jú orúkọ. Richard Hipp ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú fáìlì kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo nǹkan sí, ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ ètò náà tán. Mo ní kí gcc kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, ìyẹn kó sọ ohun tí mo kọ di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé, ó dá mi lóhùn:

fatal error: sqlite3.h: No such file or directory

Mo ní irọ́ ni. Mo wọ inú fódà /usr/lib/x86_64-linux-gnu, mo bá libsqlite3.so.0, fáìlì SQLite, níbẹ̀. Ó wà! Inú bí mi, mo sì fi bí ìṣẹ́jú 40 wá ẹ̀bi síbi tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ gcc ti là á fún mi: kò sọ pé SQLite kò sí, sqlite3.h ló dárúkọ.

libsqlite3.so.0 ni ètò tó ti délẹ̀ ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe tuntun nílò sqlite3.h, tó ń júwe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún gcc, ó sì nílò libsqlite3.so tí kò ní nọ́ńbà nídìí, torí òun ni -lsqlite3, àṣẹ tó ní kí gcc so SQLite mọ́ ètò, ń wá. Ẹni tó ń jẹ àmàlà ní búkà lójoojúmọ́ ń yó lóòótọ́, àmọ́ bó bá fẹ́ ro tirẹ̀ nílé, á wá èlùbọ́ àti orógùn. Lórí Ubuntu tí láptọ́ọ̀pù mi ń lò, inú àpò kan tó ń jẹ́ libsqlite3-dev ni èlùbọ́ àti orógùn yẹn wà. Mo fi apt, àṣẹ tó ń gbé ètò wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé e wọlé, détà tó jẹ kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gcc tún ní undefined reference to sqlite3_open. Mo ti kọ -lsqlite3 ṣáájú ajo.c, fáìlì tí mo kọ ètò náà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó wà. Mo yí i padà, ó tán.

Mo da ètò náà sínú fíláàsì, mo gun ọ̀kadà láti Under-G lọ sí ìsọ̀ Màámi. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi fún wọn, wà níbẹ̀, power bank ló ń gbé e. Mo tẹ ./ajo.

cannot execute binary file: Exec format error

Mo ṣe chmod +x láti fún un láṣẹ kó ṣiṣẹ́, kò yí padà. Màámi ń wò mí.

"Kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni?"

"Màámi, èdè tó ń gbọ́ kọ́ ni mo gbé wá fún un."

"Kí ló dé tí o ò gbé tiẹ̀ wá?"

Mo fi xxd, tó ń fi nọ́ńbà inú fáìlì hàn, wo fáìlì náà. 7f 45 4c 46 ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni lẹ́tà E, L, F: fáìlì gidi ni. Ìlà kejì ni mo ti rí i: 3e00. 3e ni àmì x86-64, irú ọpọlọ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. ARM oní-64-bit ni ti Pi, b7 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nǹkan tó kéré tó báyìí ni Pi wò tó fi kọ̀ ọ́, ó sì tọ̀nà.

Ajo.c fúnra rẹ̀ wà lórí fíláàsì náà. Mo tan hotspot fóònù mi, mo gbé libsqlite3-dev wọ inú Pi náà kó tó bi mí, mo sì kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣí.

Màámi ṣí ìwé elépo wọn, wọ́n fi ìka tọ́ orúkọ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú owó tí ìyá náà san.

"Bí iná bá lọ ńkọ́? Kò ní gbàgbé?"

Mo yọ wáyà Pi náà lójú wọn. Mo tún un kì bọ̀ ọ́, a dúró dè é kó jí. Orúkọ ìyá náà ṣì wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì pé. Màámi ní kí n tẹ ẹnì kejì.